Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí Ọ̀daràn Bá Fẹ́ Jáde, Kí Ni Ẹni Tó Ṣe Níbi Lè Sọ?

Ọ̀rọ̀ parole, ìyẹn kí ẹlẹ́wọ̀n jáde kí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tó parí, la fi ojú ìwé yìí sọ lóṣù yìí. Parole Board ni ìgbìmọ̀ tó ń pinnu rẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales là ń tẹ̀ lé nínú àwọn ìdáhùn wa. Scotland àti Northern Ireland ní ètò tiwọn lọ́tọ̀. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló kan Nàìjíríà.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó gún ọmọ mi pa ní 2008 ni wọ́n fún ní ẹ̀wọ̀n gbére. Lẹ́tà dé báyìí pé Parole Board máa tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, pé èmi náà lè kọ ọ̀rọ̀ sí i. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kó jáde láéláé. Ọmọ mi obìnrin ní wọn ò ní ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Ṣé òótọ́ ni? Gẹ̀ẹ́sì mi náà ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara.
*Ìyá kan, Peckham*

Ìyá wa, Ọlọ́run á máa tù yín nínú. Òótọ́ lọmọ yín sọ, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni òfin ní kí Parole Board dáhùn: ṣé ó ṣì pọn dandan kí ọkùnrin yìí wà ní àtìmọ́lé kí ará ìlú má baà rí ewu? Wọn kì í bèèrè bóyá ìyà tó jẹ ti tó. Iye ọdún tí adájọ́ ní ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lò ni ti ìyà. Tí ìyẹn bá ti pé, ewu nìkan ló kù lórí ìwọ̀n. Ìdí nìyí tí “ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jáde” kì í fi í ta wọ́n létí, kódà kó jẹ́ ìyá tó bímọ ló sọ ọ́.

Àmọ́ ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún yín, ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Ẹ má dà wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Victim Personal Statement, tí gbogbo wọn ń pè ní VPS. Ohun tí ikú ọmọ yín ti sọ ayé yín dà ni ẹ máa kọ síbẹ̀: oorun, ìlera, iṣẹ́, àwọn àbúrò rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó ń yípo lọ́dọọdún. Kò sí ìdí láti tún ìtàn bó ṣe pa á sọ, ìyẹn ti wà nínú fáìlì. “Inú mi bàjẹ́ gan-an” kò sọ nǹkan kan tí wọn ò mọ̀. “Láti ọjọ́ náà n kò lè gba òpópónà yẹn mọ́, ibi iṣẹ́ tí mo ń fi ìṣẹ́jú 10 rìn dé ti di ìṣẹ́jú 40, torí mo ní láti wọ bọ́ọ̀sì méjì yípo” ni ẹni tó bá kà á á rántí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tí ènìyàn lè kà tán láàrin ìṣẹ́jú 10.

Ìkejì ni ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ sínú láísẹ́ńsì rẹ̀, ìyẹn ìwé òfin tó máa gbé dání jáde: ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé, ẹni tí kò gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ yín ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń da gbogbo agbára wọn sórí ìwé àkọ́kọ́, tí wọ́n á wá fi ìlà méjì péré dáhùn èkejì. Ojú tiwa ni pé ìdàkejì ló yẹ kó rí: VPS lè má yí ìpinnu padà, ṣùgbọ́n láísẹ́ńsì ló máa sọ bóyá ẹ máa ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ nílé ìtajà.

Ẹni tó ń gba ìwé méjèèjì ni òṣìṣẹ́ Probation Service (ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n jáde) tí wọ́n ń pè ní Victim Liaison Officer, VLO. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yín. Ẹ sọ fún un pé Yorùbá lẹ fẹ́ sọ. Ẹ̀tọ́ tó ṣíwájú nínú Victims' Code, ìwé tó to ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ṣe níbi lẹ́sẹẹsẹ, ni pé kí òye ohun gbogbo yé yín, kí ọ̀rọ̀ tiyín náà sì yé wọn. Ọ̀fẹ́ ni ògbufọ̀. Ẹ má fi ọmọ yín ṣe ògbufọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n òun náà ló kú, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí ọmọ rọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lójú nígbà tó bá ń sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtumọ̀ tú u.

Ẹ lè ka VPS fúnra yín níwájú ìgbìmọ̀, ẹ lè kà á lórí fídíò, ẹ lè ní kí VLO bá yín kà á, ẹ sì lè fi í sílẹ̀ lórí ìwé. Ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó ni wọ́n máa ń kà á. Ẹlẹ́wọ̀n kì í sábà sí níbẹ̀, ìgbìmọ̀ kì í sì í bi yín léèrè ohunkóhun. Ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ nìkan ni ẹ máa kà, ẹ ò lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn lé e lójijì. Tí ẹ bá fẹ́ jókòó wo ìyókù ìgbẹ́jọ́ náà, ẹ bi VLO léèrè bí wọ́n ṣe ń tọrọ àyè. Ó ṣeé ṣe báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n lè kọ̀.

Nǹkan méjì ló máa ń bí ìdílé nínú níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Èkíní, ẹlẹ́wọ̀n náà máa ka VPS yín. Ẹ lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fi hàn án, ìdí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lágbára. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ṣì láyè láti gba ìwé yín padà. Nítorí náà, kí àdírẹ́sì, ibi iṣẹ́ tàbí ilé ìwé ọmọ ọmọ yín má ṣe bọ́ sínú rẹ̀. Èkejì, wọ́n máa ń sún ọjọ́ síwájú, nígbà mìíràn láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, torí ìròyìn dókítà kan kò dé. Ẹ má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ẹnikẹ́ni nítorí ọjọ́ yẹn.

Ọkọ mi àtijọ́ ń lo ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà torí ó lù mí ṣe léṣe. Kò ní pẹ́ jáde. Mo ti kó kúrò nílé tó mọ̀, ṣùgbọ́n Rye Lane ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ra iṣu àti ata. Mo fẹ́ kí wọ́n lé e kúrò ní gbogbo Southwark. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí mo bá sọ ibi tí mò ń gbé fún wọn, òun náà á mọ̀ ọ́n.
*D., gúúsù Lọ́ńdọ̀nù*

Àbúrò wa, ẹ̀rù yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, torí máàpù àgbègbè èèwọ̀, ìyẹn ibi tí láísẹ́ńsì ní kò gbọ́dọ̀ dé, kì í ṣe ìwé àṣírí. Ẹni tí wọ́n ń lé ni wọ́n ń fún. Bí wọn ò bá fi ìlà hàn án lórí máàpù, báwo ló ṣe máa mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ tẹ̀? Tí ẹ bá wá ní kí wọ́n fa òbíríkítí kékeré yí òpópónà tuntun yín ká, ilé yín lẹ fi ìka tọ́ka sí fún un yẹn.

Bí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe máa ń ṣe é ni pé wọ́n á fi èèwọ̀ sí kìkì ibi tí ọkùnrin náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: ilé àtijọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìyá yín, ibi iṣẹ́ tí ẹ kò tíì fi sílẹ̀. Wọn ò ní dárúkọ ilé tuntun rárá. Bí ó bá pọn dandan kí ilé tuntun wà nínú rẹ̀, ẹ ní kí àgbègbè náà fẹ̀, kí ojú títì ńlá jẹ́ ààlà rẹ̀, kí ilé yín sì wà níbi ẹ̀gbẹ́ kan, kó má wà láàrin gbùngbùn. Ẹ lè fi àdírẹ́sì yín sọ́wọ́ VLO láìfòyà, torí kì í ṣe òun ló ń ṣọ́ ọkọ yín. Òṣìṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe ìyẹn.

Ní ti Southwark lódindi, wọn ò ní gbà. Gbogbo òfin láísẹ́ńsì gbọ́dọ̀ pọn dandan, kó sì ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ewu tó wà. Ẹ gbé máàpù síwájú kí ẹ wò ó: Southwark bẹ̀rẹ̀ láti etí odò Thames títí dé Dulwich. Ibùdókọ̀ ojúirin London Bridge wà nínú rẹ̀, Guy's Hospital wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò níbẹ̀ lódindi, lọ́yà rẹ̀ á sọ pé kò lè ríṣẹ́, kò lè rí dókítà. Wọ́n á gé ohun tí ẹ bèèrè, ẹ ò sì ní mọ ibi tí wọ́n máa gé e dé. Ó sàn kí ẹ̀yin fúnra yín gé e kí wọ́n tó gé e fún yín.

Ẹ mú ibì kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ òpópónà, póòsìkóòdù, ọjọ́ àti aago tí ẹ máa ń wà níbẹ̀, ẹ wá sọ ìdí. Báyìí ni: “Rye Lane, SE15, láti igun Peckham High Street títí dé etí pápá Peckham Rye, àti àwọn ọ̀nà kéékèèké tó yà lára rẹ̀. Ọjà tí mò ń ná nìyí ní ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé, òun náà sì ni ọ̀nà mi sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú láti aago 9 sí aago 3. Ọkọ mi àtijọ́ mọ ìrìn mi yìí, ibẹ̀ ló ti dúró dè mí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó mú un.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló wúwo jù, torí òun ló so ibi pọ̀ mọ́ ewu. “Ara mi kò ní balẹ̀” nìkan kò tó, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ẹ rántí ọkọ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ ojúirin tó ń ti London Bridge bọ̀ máa ń dúró ní Peckham Rye. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, lọ́yà á fi ṣe àwáwí, pé òun kàn ń kọjá ni. Ẹ kọ ọ́ pé ó lè wà nínú ọkọ̀ tó ń kọjá, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Òfin kejì ni pé kó má kàn sí yín, ní tààrà tàbí nípasẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá ni kó fetí sí “nípasẹ̀ ẹlòmíràn” yìí dáadáa. Ìyá ọkọ lè pè láti Ìjẹ̀bú. Pásítọ̀ lè dé pẹ̀lú àgbà méjì pé àwọn wá bẹ̀ yín, pé ohun tó bá ti kọjá ti kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ yín ló rán wọn, ó ti rú òfin. Bí wọ́n bá dìde fúnra wọn, kò tíì rú u, òfin náà kò sì de àwọn àgbà. Nítorí náà, ohun tí ẹ máa bi wọ́n ni, “Ta ló ní kí ẹ wá?” Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ má pa ohùn WhatsApp rẹ́, bó ti wù kó bí yín nínú tó. Ẹ̀yin náà ẹ má pè é. Òfin kò dè yín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìpè kan láti fóònù yín á da gbogbo ẹ̀rí rú. Ọ̀rọ̀ rírí àwọn ọmọ, ilé ẹjọ́ ìdílé ló ni ín. Ẹ bi VLO kí wọ́n lè kọ láísẹ́ńsì náà lọ́nà tí kò ní tako àṣẹ ilé ẹjọ́ ọ̀hún.

Wọ́n lè so ẹ̀rọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní táàgì. Ẹ̀rọ GPS yẹn ń sọ ibi tó wà ni, kì í di ènìyàn lọ́wọ́ mú. Bí ẹ bá rí i lójú kòrókòró, 999 lẹ máa pè, lẹ́yìn náà VLO. Ẹni tó bá rú òfin láísẹ́ńsì ni wọ́n lè dá padà sẹ́wọ̀n.

Nǹkan kan tún wà tí kì í sábà hàn sí ènìyàn àfi lẹ́yìn tó ti bọ́. Ọjọ́ tí iye ọdún ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bá pé, láísẹ́ńsì parí, àgbègbè èèwọ̀ náà parí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá adájọ́ fi restraining order (àṣẹ pé kó jìnnà sí yín) kún ìdájọ́ rẹ̀ lọ́jọ́sí, kí ẹ wo ọjọ́ tó máa tán. Tí kò bá sí, ẹ lè gba ilé ẹjọ́ ìdílé lọ fún non-molestation order (àṣẹ pé kó má yọ yín lẹ́nu). Fọ́ọ̀mù FL401 ni, kò sì sí owó tí ẹ máa san fún un. Ẹni tó bá rú ọ̀kan nínú méjèèjì ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tuntun, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5. Kí ó tó ku oṣù díẹ̀ kí láísẹ́ńsì tán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù 30 ni wọ́n dá fún ẹni tó fọ́ mi lórí. Mo ṣàdédé rí i ní ilé ìtajà. Kò sí Parole Board, kò sí lẹ́tà, ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ nǹkan kan. Ṣé kò yẹ kí wọ́n bi mí ni?
*T.A., Manchester*

Ẹ̀wọ̀n tó ní iye ọdún pàtó kì í sábà dé ọ̀dọ̀ Parole Board rárá. Ọjọ́ tí òfin ti là sílẹ̀ ni ẹlẹ́wọ̀n ń jáde, láìsí ẹni tó ń ṣe ìgbẹ́jọ́ kankan. Àmọ́ láísẹ́ńsì wà fún un, àyè sì wà fún yín láti sọ ohun tó máa wà nínú rẹ̀, tí ẹ bá wà nínú Victim Contact Scheme, ètò tí VLO fi ń kàn sí ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Ètò yìí wà fún ẹni tí wọ́n hùwà ipá tàbí ìwà ìbálòpọ̀ tó lòdì sí òfin sí, tí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá sì tó oṣù 12. Olè jíjà àti gbájúẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Tí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dá a lẹ́bi fún bá wà lára rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ti kàn sí yín lẹ́yìn ìdájọ́. Ohun tó máa ń fà á tí ọ̀rọ̀ kì í fi í dé ọ̀dọ̀ ènìyàn ni pé ó ti kó kúrò nílé, ó ti yí nọ́ńbà padà, tàbí pé lẹ́tà dé lásìkò tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹni náà, ó sì jù ú nù. Kò tíì pẹ́ jù. Ẹni tó kọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè wọ inú ètò náà lónìí. Ẹ kọ̀wé sí Probation Service pé ẹ fẹ́ wọlé, kí ẹ sì bèèrè ìgbà tí láísẹ́ńsì rẹ̀ máa tán. Wọ́n ṣì lè fi òfin kún un nígbà tó ti wà níta. Ìgbàkígbà tí ẹ bá sì kó lọ sí ilé mìíràn, VLO ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún.

Parole Board ti ní kí ẹni tó ṣe mí níbi jáde. Èèwọ̀ tí mo bèèrè, wọ́n gé e sí ìdajì. Ṣé mo lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?
*Òǹkàwé kan, Luton*

Ẹ̀yin fúnra yín kò lè pè é. Ẹlẹ́wọ̀n àti ìjọba nìkan ni wọ́n ní ẹnu ọ̀nà láti ní kí Parole Board tún ìpinnu wò. Ṣùgbọ́n ẹ lè kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ pé kí wọ́n bá yín béèrè, VLO á sì sọ ibi tí ẹ máa fi ránṣẹ́. Ọjọ́ 21 péré ni gbogbo àyè tó wà, àwọn náà sì nílò ọjọ́ láti kàwé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́, kó kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. “Ìpinnu yìí dùn mí” kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá ìpinnu náà kò bọ́gbọ́n mu rárá, bóyá ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò tọ́, tàbí bóyá wọ́n ṣi òfin tú.

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àkékúrú ìdí ìpinnu náà. Títí di 2018, òfin kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ John Worboys ló já okùn náà. Awakọ̀ takisí dúdú Lọ́ńdọ̀nù ni, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní 2009 torí ìwà ìbálòpọ̀ tó lòdì sí òfin tó hù sí àwọn obìnrin. Ní January 2018 ni ìròyìn tú pé ó fẹ́ jáde, orí ìròyìn sì ni àwọn kan lára àwọn obìnrin tó ṣe níbi ti gbọ́ ọ. Méjì nínú wọn gba High Court lọ. Ní March ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ fagi lé ìpinnu náà, ó sì ní òfin ìpamọ́ yẹn kò bófin mu. Àkékúrú bẹ̀rẹ̀ ní May 2018, àtúnyẹ̀wò ọlọ́jọ́ 21 sì tẹ̀ lé e ní July 2019. Obìnrin méjì yẹn ló jẹ́ kí ìdáhùn kankan wà fún ìbéèrè yín lónìí.

Ní ti èèwọ̀ tí wọ́n gé, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi gé e. Ẹ ka ìdí náà dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rí ni kò tó, tí ẹ sì ní èyí tí ẹ kò fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí tí ẹ ti gba iṣẹ́ tuntun ní ibi tí wọ́n gé kúrò, ẹ kó o fún VLO. Láísẹ́ńsì kì í ṣe ìwé tí wọ́n fi òkúta gbẹ́. Wọ́n lè tún un ṣe, bí ẹlẹ́wọ̀n náà ṣe lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín in kù. Tó bá bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n bi yín kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ọmọ Nàìjíríà ni ọkọ mi àtijọ́, wọ́n ní wọ́n máa dá a padà sílé. Ìyá mi wà ní Agége, ọkùnrin náà sì ti búra pé òun á débẹ̀. Ṣé láísẹ́ńsì rẹ̀ á dè é níbẹ̀? Ṣé Nàìjíríà ní irú ètò yìí?
*M.O., Birmingham*

Rárá o, láísẹ́ńsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní eyín ní Agége. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2007 tí wọ́n ń pè ní UK Borders Act ló ní kí wọ́n dá àlejò tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ padà sílẹ̀ rẹ̀, àyàfi tí ìdí mìíràn bá wà nínú òfin. Àmọ́ ọ̀pọ̀ oṣù lè kọjá láàrin ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ àti ìgbà tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó sì lè wà níta lákòókò yẹn. Nítorí náà, ẹ bèèrè gbogbo òfin láísẹ́ńsì bí ẹni pé kò ní lọ síbì kankan, kí ẹ sì ní kí VLO sọ fún yín tí ọjọ́ ìrìn-àjò rẹ̀ bá hàn.

Parole wà nínú òfin Nàìjíríà. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, abala 468, ní ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀wọ̀n ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ti lo ìdá kan nínú mẹ́ta, tí ìwà rẹ̀ sì dára, ilé ẹjọ́ lè dá ìyókù dúró fún un lẹ́yìn tó bá gbọ́ ti agbẹjọ́rò ìjọba àti ti ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ kà á bí ó ti wà: kò dárúkọ ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tòun níbẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba ló máa gbé e gbà. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan ọkọ yín, torí kò ṣẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà.

Ohun tó lè ran ìyá yín lọ́wọ́ ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2007 lórí ìwà ipá abẹ́lé, èyí tí ilé ẹjọ́ lè fi pàṣẹ pé kó jìnnà sí wọn. Kí ìyá lọ bá DSVA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwà ipá abẹ́lé, kí ọkọ̀ òfuurufú ọkùnrin náà tó balẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà ìdájọ́ Birmingham àti gbogbo ohùn àti ọ̀rọ̀ tó fi halẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ọjọ́ rẹ̀ hàn. Ẹ̀dà ìdájọ́ yẹn máa ń pẹ́ kó tó jáde ní ilé ẹjọ́, nítorí náà ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.